Dátábéèsì Ayédèrú Kò Dán Nǹkan Kan Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń fi Java kọ kóòdù ní Èkó máa ń kà bí ẹni ka àkọ́sórí: "Ìdánwò kì í fọwọ́ kan dátábéèsì." Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á, wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn. Ẹ bi ẹni tó kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ àkọ́kọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí iṣẹ́ báńkì. Ní Sátidé tó kọjá, nínú yàrá òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a ti ń pàdé ní Command ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ohùn àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ayọ̀bọ̀ àti Ìyànà Ìpájà ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, àbúrò kan tún sọ ọ́ fún mi. Ó wá fi kún un pé, "Àbí ẹ̀yin ò mọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n?"

Mo mọ̀. Ó ti sú mi ni.

Kí ẹni tí kì í kọ kóòdù má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ ká mú ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ń lò. Kóòdù Java inú rẹ̀ ni akọ̀wé: òun ló ń gba owó, tó ń san owó, tó ń ṣírò èlé. Dátábéèsì ni ìwé ńlá tí akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àmọ́ ìwé yìí kì í ṣe ìwé lásán. Ó ní òfin tirẹ̀. Ó lè kọ̀ láti gba ohun tí akọ̀wé fẹ́ kọ, ó sì lè gbà á lọ́nà tí akọ̀wé kò retí. Ká tó gbé ètò náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, a máa ń kọ kóòdù mìíràn tí yóò yẹ iṣẹ́ akọ̀wé wò. Ohun tí àwọn èèyàn mi ń wí ni pé nígbà àyẹ̀wò yẹn, ká gbé ìwé ńlá kúrò nílẹ̀, ká fi ọmọdé kan jókòó síbẹ̀ tí yóò máa dá akọ̀wé lóhùn. "Ṣé orúkọ yìí ti wà?" Ọmọ náà á ní kò sí. "Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?" Ọmọ náà á ní òun ti kọ ọ́. Ọmọdé yẹn ni wọ́n ń pè ní mock. Gbogbo ohun tó ń sọ, ẹni tó ń ṣe ìdánwò ló fi sí i lẹ́nu.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìpìlẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ìbá ṣe sọ ọ́. Nígbà tí Kent Beck àti Erich Gamma kọ JUnit, irinṣẹ́ ìdánwò Java, nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Zurich lọ sí Atlanta ní 1997, dátábéèsì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń gbé sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ẹyọ kan ló sábà máa ń wà fún gbogbo ilé iṣẹ́. Bí ìdánwò mi bá pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́, ìdánwò tìrẹ tó gbójú lé àkọsílẹ̀ yẹn á ṣubú, a ó sì fi gbogbo ọ̀sán wá ẹni tó jẹ̀bi. Ìtura ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nígbà tí Tim Mackinnon, Steve Freeman àti Philip Craig gbé àpilẹ̀kọ wọn lórí mock jáde ní 2000. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ti ń sọ pé ìdánwò gbọ́dọ̀ yára, kí èèyàn lè ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Wọ́n ní bó bá ṣubú, kó jẹ́ pé inú kóòdù mi ni àṣìṣe wà, kó má jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Wọ́n ní àwọn tó ṣe dátábéèsì bíi MySQL àti Oracle ti dán iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò, kò kàn wá láti bá wọn tún un dán wò. Wọ́n sì ní kò bójú mu kí ìdánwò máa tọwọ́ bọ àkọsílẹ̀ oníbàárà.

Ní Command wa níbí, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹsẹ̀ mìíràn tó fi dúró. Iná lè lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Láptọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi kò ju gígábáìtì mẹ́rin lọ ní mẹ́mọ́rì. Owó dátà ti gbẹ́sẹ̀ sókè láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ká wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó gbé odidi dátábéèsì PostgreSQL dìde kó tó lè dán ìlà kóòdù mẹ́wàá wò, ó dà bí ẹni tí kò láàánú.

Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, n kò bù nínú rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká wò ó bóyá ó dúró.

Ibi tó ti dun èmi fúnra mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ irú ètò tí mo sọ yìí. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka káàkiri Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Òfin wọn ni pé ẹ̀ka méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Mo kọ kóòdù: kó kọ́kọ́ wò bóyá orúkọ ti wà, bí kò bá sí, kó fi í pamọ́. Mo fi Mockito, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe mock, kọ ìdánwò rẹ̀: mo ní kí mock sọ pé orúkọ kò sí, kó tún sọ pé òun ti fi í pamọ́. Gbogbo ìdánwò náà yọ àwọ̀ ewé, àmì pé wọ́n yege. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù mọ ohun tí àwọ̀ ewé yẹn máa ń ṣe fún ọkàn ẹni. Oúnjẹ tilẹ̀ máa ń dùn sí i lẹ́nu ẹni lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ̀ka Ìfẹ́ wọlé, ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìyá kan láti Abẹ́sàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ilé-Ifẹ̀, fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ka Ifẹ̀ sílẹ̀. Ètò náà kọ̀. Ó ní orúkọ náà ti wà. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù: "Bọ̀dá, ṣé kọ̀ǹpútà yín ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Òótọ́ ló sọ, kò gbọ́. MySQL 8, bí a kò bá yí ìṣètò rẹ̀ padà, ń fi ọ̀nà kan tó ń jẹ́ utf8mb4_0900_ai_ci wé ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. "ai" tó wà nínú orúkọ yẹn túmọ̀ sí pé kì í ka àmì orí lẹ́tà sí, kì í sì í ka ti ìsàlẹ̀ sí. Lójú rẹ̀, Ìfẹ́ àti Ifẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tó ń lọ sí Òṣòdì, ìkan náà ni gbogbo wọn. Java kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú Java, àmì kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ di méjì. Mock sì rèé, ọmọ Java ni, ojú Java ló fi ń wòran. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ojú ara mi ni mo fi ń dán ojú MySQL wò láti ọjọ́ yìí.

Ẹ sọ fún mi: èwo nínú àwọn ìdánwò tí mo fi mock kọ ni ìbá rí ìyẹn? Ká ní mo kọ ẹgbẹ̀rún, ṣé ọ̀kan á rí i? Kò lè rí i, nítorí ohun tí èmi kò mọ̀, báwo ni n ó ṣe kọ́ ọmọdé yẹn láti sọ ọ́? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ti fọ́. Mock kì í sọ bí dátábéèsì ṣe ń hùwà fún wa. Ohun tí a rò pé dátábéèsì ń ṣe ló ń dá padà sí wa létí. Ẹni tó rò ó lódì nínú kóòdù yóò rò ó lódì nínú mock, àṣìṣe méjèèjì á bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọ̀ ewé á sì yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fúnra rẹ̀ ṣètò ìbéèrè, tó fúnra rẹ̀ dáhùn, tó sì fúnra rẹ̀ fún ara rẹ̀ ní máàkì, ta ni yóò fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà á síṣẹ́?

Wọ́n ní àwọn tó ṣe MySQL ti dán an wò. Ẹ gbọ́, ta ló ní kí ẹ dán MySQL wò? Ohun tí MySQL ní òun ó ṣe náà ló ṣe lọ́jọ́ yẹn, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìlà SQL tí mo kọ láti fi bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, èmi ni mo ni ín. Iye lẹ́tà tí mo ní kí àyè orúkọ gbà, èmi ni mo ni ín. Bí mo ṣe so kíláàsì Java mọ́ tébù inú dátábéèsì, èmi náà ni. Àárín méjèèjì ni àrùn máa ń wà. Ẹ lọ kọ SELEC sínú ìbéèrè SQL yín dípò SELECT, kí ẹ fi mock bo ibẹ̀, kí ẹ wá ṣe ìdánwò. Yóò yege! Kò sí ẹni tó ka ìbéèrè náà rárá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì? Télọ̀ mọ iṣẹ́, ìyàwó rẹwà. Bí aṣọ kò bá wá gba ìdí ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́? Ṣé a ó ní kò yẹ kí télọ̀ wọn ìyàwó nítorí pé Ọlọ́run ti parí iṣẹ́ lára rẹ̀?

Àwọn kan wà láàárín tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn kò lo mock, H2 làwọn ń lò. H2 jẹ́ dátábéèsì tí wọ́n fi Java kọ. Ó lè gbé inú mẹ́mọ́rì nìkan, kó dìde kíákíá, kó sì pòórá bí ìdánwò bá ti parí. Spring Boot, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ ètò Java, gan-an ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní àṣà yìí: bí ẹ bá kọ @DataJpaTest sórí ìdánwò tí ẹ kò sì sọ nǹkan mìíràn, ó máa ń ti dátábéèsì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi irú H2 rọ́pò rẹ̀. H2 dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n kí Táyé lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, kí wọ́n wá fún Kẹ́hìndé ní láísẹ́ńsì, ta ló máa wọ ọkọ̀ tí Kẹ́hìndé bá ń wà? H2 àti Oracle kì í tilẹ̀ ṣe ìbejì.

Ẹ mú orúkọ Adébọ̀wálé. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni ojú wa rí níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí àyè kan nínú Oracle jẹ́ VARCHAR2(12), tí ẹ kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Oracle kì í ka lẹ́tà, báìtì ló ń kà. Nínú UTF-8, ọ nìkan jẹ́ báìtì mẹ́ta, àmì orí rẹ̀ jẹ́ méjì sí i, é àti á jẹ́ méjì méjì. Adébọ̀wálé ti di báìtì 16. Oracle á ta á padà pẹ̀lú ORA-12899, H2 á sì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín nítorí lẹ́tà lòun ń kà. (Ẹ má bi mí pé ta ló ń kọ àmì sórí orúkọ. Irú ètò tó ń ta á padà yìí náà wà lára ohun tó kọ́ wa láti máa kọ Adebowale.) Oracle tún ní ìwà kan tí gbogbo ẹni tó ti bá a gbé mọ̀: ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú, NULL ló ń kà á sí, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan síbẹ̀ rí. H2, bí a ṣe ń bá a nílẹ̀, mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ ní H2 ní ìlànà tó lè fi ṣe bí Oracle tàbí bí MySQL? Àwọn tó ń ṣe H2 fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn dátábéèsì ni àwọn ṣe. Ọlọ́jà ti sọ fún yín pé ọjà òun kì í ṣe ojúlówó, ẹ̀yin lẹ ń bá a jiyàn.

Èyí tó le jù kò tilẹ̀ kan lẹ́tà. Owó ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní ₦20,000 nínú àpò rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ó dúró níwájú oní-POS ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Command, ó fẹ́ gba ₦15,000. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ọmọ rẹ̀ wà nílé tó ń fi fóònù fi ₦15,000 ránṣẹ́ láti inú àpò kan náà. Kóòdù ka iye tó wà fún oní-POS: ₦20,000. Ó ka iye tó wà fún ọmọ: ₦20,000. Ó san ti ìyá, ó kọ ₦5,000 sílẹ̀. Ó san ti ọmọ, ó kọ ₦5,000 sílẹ̀. ₦30,000 ti jáde nínú ₦20,000, ìwé sì ń sọ pé ₦5,000 ṣì kù. Ẹgbẹ́ mélòó ló lè fara da irú oore bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà?

Àbáyọ wà. Dátábéèsì lè ti àkọsílẹ̀ náà mọ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, kí ẹnì kejì dúró dìgbà tó bá parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kejì ń rí nígbà tó ń dúró kò rí bákan náà níbi gbogbo. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, READ COMMITTED ni PostgreSQL àti Oracle ń lò, REPEATABLE READ ni MySQL ń lò, kóòdù tó bá pé lórí ọ̀kan sì lè jó lórí èkejì. Ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún mock? Mock kò mọ̀ pé èèyàn méjì wà láyé. Ẹ bi í nígbà ẹgbẹ̀rún, ₦20,000 náà ni yóò máa sọ, torí ohun tí ẹ ní kó sọ nìyẹn.

"Ìṣirò èlé wá ńkọ́?" Wọ́n máa ń fi ìyẹn mú mi bí ẹni tó mú olè. "Ṣé ìyẹn náà nílò dátábéèsì?" Kò nílò rẹ̀. Kí ni mock wá ń wá níbẹ̀? Ẹ yọ ìṣirò sọ́tọ̀, ẹ fún un ní iye owó, iye oṣù àti ìdá èlé, ẹ wo ohun tó mú jáde, ó tán. Kóòdù tí kò bá dátábéèsì da nǹkan kan pọ̀ kò nílò ayédèrú rẹ̀. Èyí tó bá a da nǹkan pọ̀, ayédèrú kò lè dán an wò. Ẹ bá mi wá àga tó kù fún mock láti jókòó lé. Wọ́n tún ní mock nìkan ló lè fi hàn bí ètò á ṣe ṣe bí dátábéèsì bá kú lójijì. Ẹ pa á kí ẹ wò ó! Ṣebí orí ẹ̀rọ tiyín ló wà?

Ó wá ku "ó yára". Dánfó tí kò kúrò ní gáréèjì kì í há sínú gò-sìló, àmọ́ kì í gbé ẹnikẹ́ni délé. Àti pé ọ̀ràn 1997 ni wọ́n ṣì ń ro. Docker, tó ń jẹ́ kí èèyàn gbé ètò dìde nínú àpótí tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, jáde ní 2013. Ní 2015 Richard North bẹ̀rẹ̀ Testcontainers, tó ń lo Docker láti jẹ́ kí ìdánwò Java fúnra rẹ̀ gbé PostgreSQL tàbí MySQL gidi dìde, kó lò ó tán, kó sì pa á rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìdánwò tó kù lè máa lo ẹyọ kan náà. Tèmi kò lè ba tìrẹ jẹ́, torí oníkálukú ló ní tirẹ̀. Ẹ ní dátà wọ́n? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó gbà á wálẹ̀, àwọn fíìmù tí ẹ ń gbà lálẹ́ Jímọ̀ ń jẹ dátà jù ú lọ. Ẹ ní láptọ́ọ̀pù yín kò lè gbé Docker? Ta ló so yín mọ́ Docker? PostgreSQL ti wà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Docker. Ẹ fi í sórí ẹ̀rọ yín bí ẹ ṣe ń fi ètò mìíràn síbẹ̀, ẹ dá dátábéèsì òfìfo kan sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan. Bí ẹ bá kọ @Transactional sórí ìdánwò, Spring á nu gbogbo ohun tó kọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kò béèrè sáfà ní Amẹ́ríkà. Nínú yàrá wa ní Command, lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a jọ ń dá owó epo rẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣe é lórí ẹ̀rọ gígábáìtì mẹ́rin. Kí wọ́n ṣáà ti pa Chrome kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀; òun ló ń jẹ mẹ́mọ́rì wọn, PostgreSQL ni wọ́n ń nàka sí.

Ti àkọsílẹ̀ oníbàárà ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bani jù. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ẹni tó bá kó orúkọ àti owó oníbàárà wá ṣe ìdánwò yẹ lẹ́ni à ń bá wí, òfin ààbò dátà tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì wà fún irú wọn. Ṣùgbọ́n ta ló so dátábéèsì gidi àti dátábéèsì oníbàárà pọ̀? Ọkọ̀ gidi ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, kì í ṣe ọkọ̀ tí èrò kún inú rẹ̀. Nítorí pé èrò kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣé a ó wá ní kí ọmọ náà jókòó sórí àpótí kó máa fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì?

Àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ wọn pa wá lẹ́nu mọ́ kò tilẹ̀ sọ ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń sọ. Steve Freeman tó wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ àpilẹ̀kọ 2000, òun àti Nat Pryce ló kọ ìwé Growing Object-Oriented Software, Guided by Tests ní 2009. Ìmọ̀ràn wọn níbẹ̀ ni pé ohun tó bá jẹ́ tìrẹ nìkan ni kí o fi mock rọ́pò. Àwọn tó ń ṣe Mockito náà ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Èwo nínú yín ló ni JDBC tí Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀? Èwo nínú yín ló ni EntityManager? Alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀bẹ, ó sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ fi í gé, ibẹ̀ gan-an la fi ọ̀bẹ náà lé.

Kò sì yẹ kí ẹni tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́ máa dúró kí wọ́n ṣàlàyé ìyà tí èèyàn ń jẹ nígbà tí ibi tí ètò ti yege bá yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, àjọ tó ń ṣe ìdánwò UTME fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n ti yí bí ètò UTME ṣe ń ṣiṣẹ́ padà lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó yẹ kó dé orí gbogbo sáfà kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Níbòmíràn, ètò náà ń lọ geere. Ní Èkó, ọmọ 206,610 ní ibùdó 65 ló kàn. Ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn, ọmọ 173,387 ní ibùdó 92. Ọmọ 379,997 lápapọ̀, tí máàkì wọn ti kó ìtìjú bá ilé, ni wọ́n ní kó padà wá jókòó. N kò sọ pé mock ló fà á. Mo ń sọ pé ọmọ Command tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà kò rí èrè kankan nínú bí sáfà àwọn ẹlòmíràn ṣe dára tó. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí báńkì TSB kó oníbàárà bíi mílíọ̀nù márùn-ún lọ sórí ètò tuntun. Ibùdó dátà méjì ni ètò náà máa lò, ìwádìí sì fi hàn lẹ́yìn náà pé ọ̀kan ni wọ́n dán wò. Oníbàárà tó tó mílíọ̀nù 1.9 kò lè dé ibi owó wọn. Ní 2022 ni àwọn aláṣẹ bu ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé báńkì náà lórí. Àwọn yẹn tilẹ̀ dán ọ̀kan wò nínú méjì. Àwọn tiwa kò dán ọ̀kankan wò, wọ́n sì ń fi àwọ̀ ewé yangàn.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Dátábéèsì tí oníbàárà máa lò ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò: irú kan náà, ẹ̀dà kan náà, ìṣètò kan náà, kó jẹ́ òfìfo, kó wà lórí ẹ̀rọ yín, kó sì jẹ́ gbogbo ìgbà. Ẹ má fi mock ṣáájú rẹ̀, ẹ má fi H2 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ní ẹ ó ṣe é bí àyè bá yọ. Ìdánwò tí kò bá dátábéèsì pàdé kì í ṣe ìdánwò ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Eré orí ìtàgé ni, ẹni tó kọ eré náà nìkan ló sì wà níbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́.

Àbúrò tó bi mí bóyá n kò mọ̀ ń mú iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ ní Sátidé. Ó ní ìdánwò tó lé ní irínwó ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣubú. Mo ti ní kó yọ gbogbo mock inú rẹ̀ kúrò kó tó gun àtẹ̀gùn wa. MySQL ti wà nílẹ̀, òfìfo ni. Ẹ̀ka Ìfẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ ní kó tẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka Ifẹ̀.